Lọ́fínńdà ní Kíláàsì Ọmọ Mi

"Màmá, oògùn nìkan kò lè ṣe é. Bí lọ́fínńdà àti àwọn nǹkan olóòórùn bá ṣì ń wọ imú ọmọ yìí níléèwé, ẹ máa gbé e padà wá bá wa ni."

Ohun tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi nìyẹn ní ọsibítù ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí ọmọbìnrin mi, tí ikọ́ fée ń bá jà, wà ní kíláàsì kẹta níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ìyá tí ẹ̀rù tètè máa ń bà ni mí. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń kọ gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wúkọ́ sínú rẹ̀: ọjọ́, aago, ẹni tó wà nítòsí, ohun tó ń run. Ọkọ mi ní mo ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí mo fi rí i pé ọjọ́ Ajé ló máa ń burú jù, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń fín nǹkan olóòórùn sí kíláàsì tó ti wà ní títì láti ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n fòfin de lọ́fínńdà àti nǹkan olóòórùn níléèwé. Ó kà á tán, ó ní, "Màmá, n kò lè dá irú òfin yìí ṣe. Ẹ wá bá àwọn òbí sọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, àfi kí ẹ wá iléèwé míì fún un." Kò sí iléèwé míì nítòsí wa, ọmọ náà sì fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀ débi pé mo máa ń jowú díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí, mo yọ aṣọ ìjáde mi tó dára jù nínú àpótí, níbi tí káfúrà tó ń lé kòkòrò aṣọ ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà Kérésìmesì. Ta ló máa dìde sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn ní Ọ̀wọ̀ tí kò ní múra? Mo fín lọ́fínńdà sí ọrùn, mo fín in sí abẹ́ gèlè, mo fi díẹ̀ sí áńkáṣíìfù. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá, èmi tí mo mọ aago tí ọmọ mi wúkọ́.

N kò tíì ka ìlà kejì lẹ́tà mi tán tí bàbá kan, òbí bíi tiwa tó ń ta lọ́fínńdà láàárín ìlú, fi nawọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ jà fún ọjà rẹ̀ ni.

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Èyí tí ẹ fín sára yẹn, ọ̀dọ̀ mi lẹ ti rà á. Káfúrà tẹ́ ẹ fi lé e ni kò jẹ́ kó ta sánsán bó ṣe yẹ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi gbọ́ ohùn mi látìta, ó sáré wọlé, ó dì mọ́ mi, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé gbé e jáde síbi atẹ́gùn. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ó ní, "Màmá, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin gan-an kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn."

Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó bó ṣe ń fa oògùn rẹ̀ sẹ́nu, títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀, tó sì juwọ́ sí mi.

Bàbá ọlọ́fínńdà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá iléèwé padà wọlé. "Mo ti fara mọ́ ọn. Ẹ fi mí sẹ́nu géètì, kò sí òórùn tí n kò mọ̀ nílùú yìí."

Ìyá kan bèèrè bóyá òórùn òógùn ara la ó wá máa gbé wá síléèwé.

"Ẹ wẹ̀, màmá," ni ọ̀gá iléèwé wí. "Ṣebí omi wà nílé yín."

Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn: kí olùkọ́ má fín lọ́fínńdà, kí wọ́n máa ṣí fèrèsé kíláàsì dípò kí wọ́n fín nǹkan sí i, kí a sá aṣọ tó ní káfúrà sóòrùn ní ọjọ́ kan ṣáájú ìpàdé. Àlejò tó bá ń run, ìta ni wọn yóò ti dá a lóhùn.

Ọmọ náà ti wà ní girama báyìí, ó sì ga jù mí lọ. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé òórùn ara mi ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń lọ síléèwé, síbi iṣẹ́, tàbí tí ẹ ń lọ wo aláìsàn ní ọsibítù, ẹ wẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi lọ́fínńdà sílẹ̀ nílé.