Iṣẹ́ Kan Tó Kù fún Fáànù Ràfíù

Ẹ má wulẹ̀ rò pé àròsọ ni mo fẹ́ sọ. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń pa mí lórí. Mi ò mu ọtí, n kì í sì í mu ún. Ẹni tí kò bá lè gbà mí gbọ́, kó má kà á. Inú máa ń bí mi sí ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀mí èèyàn ló bá a lọ.

Mẹkáníìkì ni mí nígbà yẹn, ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Owó epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Èkó, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò síbi tí wọn ò ti kọ́lé. Ràfíù, ọmọ ìlú mi ní Ìwó, ń fi lọ́rì kó símẹ́ńtì láti Àpápá lọ sí Ire-Àkárí ní Ìsọlọ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ni mo bá a wá yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múfú, ń gbé ní Òkè-Afá.

Ọjọ́bọ̀ kan ló wá bá mi pé lọ́rì òun ń dún gbì-gbì níwájú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù ni, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Irin ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Ọ̀kan nínú ewé rẹ̀ mẹ́rin ti sán láti ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Ká pààrọ̀ ẹ̀," mo ní.

"Ìgbà wo lo máa rí òmíì?"

"Ó di Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè kẹ̀! Wọ́n á ti gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì."

Ó bẹ̀ mí, ó bú mi, ó tún bẹ̀ mí. Ó sú mi pátápátá. Mo gbé fáànù náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó jó ibi tó sán pọ̀, mo dá a padà sára ẹ́ńjìnnì. Ràfíù tẹjú mọ́ ojú ibi tí wọ́n jó, ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé kò ní já?"

Ká ní mo dákẹ́! Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Mo fi í sẹ́nu, mo búra pé kò ní já. Mùsùlùmí ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n láàárín àwa oníṣẹ́ ọkọ̀, ẹni tó bá ti fi irin sẹ́nu, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èmi kàn fẹ́ kó fi mí sílẹ̀ kí n lọ jẹun ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ràfíù gbé lọ́rì wá kí n bá a fún bẹ́líìtì fáànù le, òun àti gbogbo ará ìsọ̀ wá gba mọ́sáláṣí lọ kírun Jímọ̀. Èmi nìkan ló kù. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo gbórí sókè, ọkùnrin kan wà lódì kejì bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo fáànù. Ẹ̀gbẹ́ kan ló kọ sí mi. Aṣọ iṣẹ́ tó kún fún epo ló wọ̀, mo sì rò pé àgbà mẹkáníìkì kan tó ń kọjá lọ ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkùnrin yìí sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, síbẹ̀ mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Má pààrọ̀ ẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ kan ṣì kù tó fẹ́ ṣe."

"Ẹ ṣé, bàbá." Mo rò pé ó ń yin iṣẹ́ mi ni.

"Ta ló ń wà á?"

"Ràfíù ni. Ràfíù ará Ìwó."

Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ gbàgbé. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sínú fáànù tó ń yí. Mo kígbe. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Irin ń gba inú ọwọ́ náà kọjá, ọwọ́ náà ò sì gé. Ló bá kọjú sí mi. Apá kejì ojú rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n ti là á láti iwájú orí dé àgbọ̀n, mo ń rí eyín rẹ̀ nínú ihò náà.

Mi ò mọ bí mo ṣe pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo fi máa tún wò, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé fáànù yẹn gbọ́dọ̀ kúrò kí Ràfíù tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pa á. Mo ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta nínú mẹ́rin nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ràfíù lẹ́yìn mi; òun nìkan ló ṣáájú dé.

"Kí lò ń tú?"

"Fáànù ni. Ràfíù, mo rí nǹkan. Fáànù yìí ò dáa."

"O fi irin búra fún mi!"

"Irọ́ ni mo pa."

Ó gbá mi létí. Mo fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Ó ta mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà dé ìdí ọkọ̀. Ló bá he irin tí wọ́n fi ń tú táyà, ó là á mọ́ mi lápá. Mo gbọ́ nígbà tí egungun kán.

Ó gun orí àyà mi, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "O fi irin sẹ́nu, o wá fẹ́ yí i padà! Tó o bá tú u, èmi tí mò ń wa ọkọ̀ ni irin máa bínú sí. Ṣé o fẹ́ kí irin pa mí ni?"

Ẹ wò ó, ẹ̀rù ló ń ba ọ̀rẹ́ mi. Ìbúra mi ló ń bẹ̀rù, kò bẹ̀rù ibi tó sán.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá àwọn nọ́ọ̀tì náà padà. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ síwájú fáànù láti gbọ́ bó ṣe ń dún. Mi ò lè dìde. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rí ọkùnrin yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Ràfíù, ó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ké pe Ràfíù títí ohùn mi fi há.

Ewé fáànù náà já. Ó dún bí ìgbà tí alápatà bá la egungun. Ó gba iwájú orí Ràfíù dé àgbọ̀n, ó sì lọ kọ́ sára páànù ìsọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ tú sí mi lójú. Ràfíù ṣì dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, kó tó ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lorúkọ tìẹ?"

Mo gé ètè mi jẹ, kí n má baà dárúkọ ara mi, títí àwọn èèyàn fi dé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹta, Ìyá Múfú wá sí yàrá mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan ní ẹ fi irin búra fún un. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní rárá, pé torí kó má baà lo fáànù náà la ṣe jà. Ó gbà mí gbọ́. Ó tiẹ̀ tún bá mi kẹ́dùn nítorí apá mi tó kán, ó ní ẹ kú ìjà tí ẹ jà fún ọ̀rẹ́ yín. Òkú ni òun náà báyìí, mi ò sì sọ òótọ́ fún un rí.

Mi ò mọ ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́. Mo ti bèèrè títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo tún rí i lódì kejì bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe, tí fáànù bá ti sán, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ má sì búra fún ẹnikẹ́ni. Tí àjèjì kan bá yọjú tó ń bi yín pé ta ló ń wa ọkọ̀, ẹ má dárúkọ ẹni náà fún un. Tó bá sì jẹ́ èmi ló ń bèèrè, mo bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí.