Ohun Tó Wà Lábẹ́ Orin Kẹrìnlá

Láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lóde, bí ẹnikẹ́ni ní Zion Pepe, ìlú aládùúrà tó wà lórí omi, bá fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ lójú omi, kì í yọjú wo odò. Sàláúdéènì ni yóò bi. Sàláúdéènì á wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dúró lórí òpó, á kẹ̀yìn sí omi, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, á sì dáhùn pé: “Wòlíì Adégbóyè ni. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan ti kú, àmọ́ wọ́n ṣì ń gbàdúrà sí i.” Kò ní í pẹ́ tí wòlíì á fi yọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa tutọ́ bí arúgbó.

Òun ni Mùsùlùmí kan ṣoṣo tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ìlú tí wọ́n ti ń fi òróró àdúrà kun ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fi girísì kun ún. Wọ́n á gbàdúrà sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá jí, wọ́n á gbé e wá bá a. Ó máa ń jí. Ìdúpẹ́ rẹ̀ ní tiẹ̀, ilé ìjọsìn ló máa ń lọ. Sàláúdéènì kì í bínú sí ìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń bí i nínú láyé: kí ènìyàn sọ pé kò mọ orin.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń fi kásẹ́ẹ̀tì orin ránṣẹ́ síra wọn: òun, Akínwùmí apẹja ará Abereke, àti Tíṣà Ọlálẹ́yẹ, tí ìjọba gbé láti Ìkirè wá kọ́ àwọn ọmọ Àràròmí ní ìṣirò. Olúkúlùkù á jókòó ti rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á máa gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan: jùjú láti inú rẹ́díò, àpàlà láti ọ̀dọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì Igbókọ̀dá, bírípo, orin àwọn ará etí omi, láti ibi òkú àgbà, pẹ̀lú ariwo àwọn tó ń jẹun. Á tò ó bó ṣe wù ú, á fi ọ̀rá méjì wé e nítorí omi, á sì fi í rán awakọ̀ sí àwọn yòókù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán kì í kọ lẹ́tà, nítorí lẹ́tà àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìdí kásẹ́ẹ̀tì náà gan-an ni yóò sọ ìdájọ́ rẹ̀ sí, lẹ́yìn orin tó kẹ́yìn, kó tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Òfin méjì ló wà. Ìdájọ́ kò gbọdọ̀ ní àánú nínú. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa ìdájọ́ rẹ́. Ìdí nìyí tí ohùn ẹni kì í fi í gbé nílé ẹni: ilé àwọn ọ̀rẹ́ ẹni ló máa ń wà.

Tíṣà a máa fún orin ní máàkì. Lọ́jọ́ kan ó fún Sàláúdéènì ní mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó ní kó lọ kàwé kó tún ìdánwò náà ṣe lóṣù Kẹsàn-án. Akínwùmí kì í fún ènìyàn ní máàkì. Èébú ni tirẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, orin mẹ́tàlá ni Sàláúdéènì tò sí ìhà kìíní rẹ̀. Oṣù méjì ló fi tò ó. Ó fi ránṣẹ́ sí Abereke, ó sì ń retí ìyìn bí ọkọ ìyàwó. Lọ́jọ́ Ajé kan, awakọ̀ gbé e padà dé. Sàláúdéènì fọ ọwọ́, ó jókòó, ó yí i dé ìdí. Ohùn Akínwùmí jáde, adìẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀:

“Sàláù, ọ̀rẹ́ mi. Mo gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́. Mo pe ìyàwó mi kó wá bá mi gbọ́ ọ, mo rò pé bóyá ara mi ni kò yá. Orin mẹ́tàlá! Bí ìgbà tí ènìyàn kó ẹja tútù àti ẹja yíyan sínú agbọ̀n kan, tó tún wá jókòó lé e. Ta ló ní kí àpàlà máa tẹ̀lé orin ìsìnkú? Ẹ́ńjìnnì lo gbọ́, ọ̀rẹ́ mi, o ò gbọ́ orin. Etí rẹ yìí...”

Sàláúdéènì kò jẹ́ kó sọ ohun tí etí òun jẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pa. Akínwùmí ti ṣẹ́ ike kékeré tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn lé e. Sàláúdéènì ká ìwé pélébé, ó fi dí ihò rẹ̀. Jùjú kan ń lọ lọ́wọ́ lórí rẹ́díò. Ó gbà á lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí, láti ibi tí èébú ti bẹ̀rẹ̀ títí téèpù fi tán. Iná pupa rẹ́díò ń ṣẹ́jú. Bátìrì ti ń kú lọ. Lójú òkun lọ́hùn-ún, iná àwọn elépo rọ̀bì ń jó tọ̀sán-tòru, ó tó tan ìmọ́lẹ̀ sí odindi ìpínlẹ̀, àmọ́ ní Zion Pepe bátìrì mẹ́rin ni ìjọba. Kò dúró pààrọ̀ rẹ̀. Ìbínú kì í dúró de bátìrì.

Orin kẹrìnlá nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, Akínwùmí wọ òkun lọ, kò sì padà. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n rí ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ níwájú Abereke. Ẹ́ńjìnnì ti rì, ẹni tó ń wà á náà ti lọ. Àlàyé kò wọ́n. Wòlíì Adégbóyè ní ọfà ayé ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó ni omi ló pè é. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọkọ̀ ńlá àwọn elépo kan ló gorí rẹ̀, nítorí elépo kì í wo iwájú, ìsàlẹ̀ ló máa ń wò. Sàláúdéènì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún oṣù kan gbáko, pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

Lẹ́yìn oṣù náà, ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Mabel ìyàwó Akínwùmí wa ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Bàdírátù,” ni obìnrin náà kí i, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é.

“Ìyàwó wa, káàbọ̀. Má jókòó síbẹ̀ yẹn, girísì wà níbẹ̀. Jókòó sí èyí.”

“Mo wá nítorí ohùn ọkọ mi. Kásẹ́ẹ̀tì méjìlá ló wà nílé mi. Ẹ̀yin àti Tíṣà lẹ kún inú rẹ̀, ẹ ń bú u. Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Mo dé Àràròmí, òkun ti gbé yàrá Tíṣà lọ tàpótí tàpótí. Ó ní fèrèsé lòun bẹ́ gbà, ìwé-ẹ̀rí òun nìkan lòun rí mú.”

Sàláúdéènì dìde kíá, ó kó kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún un. Gbogbo wọn ni ohùn Akínwùmí wà nínú wọn, tó ń bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mabel gbà wọ́n, ó dúpẹ́, kò sì dìde.

“Èyí tó kẹ́yìn ńkọ́?”

“Èwo nìyẹn?”

“Èyí tó fi ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ Ajé, kó tó lọ.”

“Ó wà níbì kan. N ó wá a.”

“Kò burú. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ nìyẹn.”

Nígbà tó lọ tán, Sàláúdéènì ra bátìrì tuntun, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rẹ́díò, bóyá nǹkan kan ṣì kù tí yóò lè fún un. Kì í ṣe òru o. Ọ̀sán gangan ni, àsìkò tí iwin tó ní làákàyè máa ń sùn. Orin kẹrìnlá bẹ̀rẹ̀. Níbi tí olórin ti dákẹ́ kó mí, ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Bátìrì tó ń kú ni kò ní agbára tó láti nu ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì tí kò ní í mọ̀ ọ́n. Ó lẹ etí mọ́ rẹ́díò, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ láàárín ìlù bí ẹni tó ń ṣa egungun ẹja lẹ́nu ọmọ: “...àwàdà o... ẹ́ńjìnnì tèmi yìí... ọjọ́ Ẹtì ni mo... gbọ́ ọ fún mi... bó bá burú, ránṣẹ́...” Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn mọ́. Wọ́n fa okùn kan fìrì, lábẹ́ gìtá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Etí tó mọ púlọ́ọ̀gì wòlíì láti ìyànà odò kò nílò ìgbà kejì. Yanrìn ti dí ihò tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Bó bá pẹ́ lójú òkun, á gbóná, á gan, á dákẹ́, ìgbì á sì máa yí ọkọ̀ náà bó ṣe fẹ́. Wáyà tín-ín-rín kan ni oògùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ́ńjìnnì yẹn kò kúrò létí rẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ kaná, á gbọ́ ọ nínú ìkòkò. Bí lèmọ́mù bá húkọ́ láàárín ìrun, á gbọ́ ọ. Ó sì fi ìbẹ̀rù yìí kírun débi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín fún ìfọkànsìn rẹ̀.

Lọ́jọ́rú kejì, ó sọ fún Mabel pé òun yá Tíṣà ní kásẹ́ẹ̀tì náà.

“Tíṣà tí kò ní ilé?”

“Kó tó di pé kò ní ilé.”

“Ẹ bá mi bi í,” ni Mabel wí, ó sì lọ.

Lọ́jọ́rú kẹta, kò sí irọ́ mọ́ nínú àpò rẹ̀. Kó tó kí i tán ló ti sọ ọ́.

“Mo pa á rẹ́. Ó bú mi, mo bínú, mo gba orin lé e. N kò gbọ́ ọ dé òpin, ìyàwó wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó ń pariwo, n kò...”

“Mo mọ̀.”

“Kí lo mọ̀?”

“Pé ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé rẹ́díò dúró nídìí ọkọ̀ nígbà tó ń fa okùn. Omi ta sí mi lójú. Ó ní kí n sún mọ́ ọn, kí Sàláù má baà ṣì í gbọ́.” Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ohun tí mo ń bá bọ̀ látọjọ́ yìí ni pé kí n mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ọ kó tó lọ ni, àbí lẹ́yìn tó lọ.”

“Lẹ́yìn tó lọ. Wàláhì.”

Mabel gbé ojú sókè. Omi ń gbá òpó ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀.

“Èbúté ló ń wò láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní, ‘Sàláù kò ránṣẹ́, á jẹ́ pé ó dára. Etí yẹn kì í parọ́.’ Mo ní bóyá ẹ ń bínú ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ ń bínú nítorí orin, àmọ́ ìbínú yín kì í dé ìdí ẹ́ńjìnnì.”

Ó na ọwọ́. Sàláúdéènì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e. Obìnrin náà ti wọ ọkọ̀ kó tó tún wẹ̀yìn.

“Kí ló ń ṣe é?”

“Kí ló ń ṣe kí ni?”

“Ẹ́ńjìnnì náà.”

Ó sọ fún un: yanrìn, wáyà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò fi bò. Mabel mi orí, ó sì ti ọkọ̀ rẹ̀ kúrò létí èbúté.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Awakọ̀ Abereke wá ju nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọ̀rá méjì. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni. Odindi ọjọ́ méjì ni Sàláúdéènì fi ń yí i ká bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún nínú igbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó fi í sínú rẹ́díò. Ìhà kejì, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni obìnrin náà sọ̀rọ̀ sí.

“Bàbá Bàdírátù, Mabel ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ dá a lẹ́jọ́, òfin yín nìyẹn. Orin àkọ́kọ́ dára. Èkejì ti gùn jù. Ẹni tó kọ ẹ̀kẹta kò lóhùn, ìlù ló yọ ọ́.” Báyìí ló ṣe mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni tó ń ṣa ẹja. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ó ní, “Òótọ́ ni ọkọ mi sọ. Àpàlà kò gbọdọ̀ tẹ̀lé orin ìsìnkú. Ẹ ò gbọ́ orin.” Ó dé ìkẹtàlá. Adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, adìẹ kan náà, bóyá.

“Ìkẹrìnlá kò dára rárá. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dé òpin. Ẹ ò gbọdọ̀ pa á rẹ́.”

Ó ti ṣẹ́ ike kékeré ti ìhà tirẹ̀. Sàláúdéènì mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó fi ìka yọ ìwé tó ti fi dí ihò ìhà kìíní, ó sì ju ìwé náà sómi. Ó ń wò ó bó ṣe ń léfòó lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kan ń bọ̀ láti ìyànà odò, tó ń húkọ́ díẹ̀. Ẹnì kan létí èbúté béèrè pé, “Bàbá Bàdírátù, ta ló ń bọ̀ yẹn?”

Sàláúdéènì ti mú wáyà, ó ti sáré dé etí afárá pákó, ó sì ń ju apá méjèèjì sókè kí ọkọ̀ náà dúró.