Èmi, Kẹ̀kẹ́ Ọmọ àti Bàbá Kékeré

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù ni pé mo ra kẹ̀kẹ́ ọmọ láì wo ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo wò. Mo tì í síwájú, mo fà á sẹ́yìn lórí ilẹ̀ dídán ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún tí wọ́n ti ń ta ọjà tòkunbọ̀, ó ń yọ̀ bí ẹja nínú omi. Ó ní ìbòrí fún oòrùn, ó ní bẹ́líìtì, ó tún ní ibi tí èèyàn lè gbé ife tíì sí. Èmi tí n kì í mu tíì. Mo sanwó. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kò sí ilẹ̀ dídán ládùúgbò ọmọ mi.

Ọmọ mi tí mo wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú kí ọmọ náà tó lọ́kọ, èmi nìkan ló sì kù fún un lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tó bí ọmọbìnrin rẹ̀, èmi ọkùnrin ni mo dúró bí ìyá ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò mọ ọmọ wẹ̀. Tíṣà ni ọmọ mi yìí. Ìgàndó ló ń gbé, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ rẹ̀ a sì ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ ṣe ń parí lọ, ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ láàárọ̀, tí yóò máa gbé e bọ̀ lọ́sàn-án. Mo ní èmi ni. Ẹnu mi ò tíì padé tí Bàbá Kékeré fi ní òun ni.

Bàbá Kékeré ni àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sílé wọn. N ò lè sọ pé èèyàn burúkú ni, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọkùnrin náà a kàn bẹ̀rẹ̀, a gbé ọmọ sẹ́yìn, a fi ìró bò ó, a fa ọ̀já yí i ká, a so ó níwájú, ó parí. Ọkùnrin tòun ti irùngbọ̀n. Ọmọ a sì sùn. Tí èmi bá gbé ọmọ kan náà, apá mi méjèèjì a gan bí ti ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Ọmọ a wo ojú mi, a rí ẹ̀rù níbẹ̀, a figbe ta. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn: ẹ̀rù ló ra kẹ̀kẹ́ yẹn, èmi kàn sanwó ni. Ọmọ tó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ ò lè já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí a gbìyànjú rẹ̀ wò, mo ti ọmọ jáde ní géètì. Táyà iwájú wọnú yanrìn, ó dúró. Mo tì í, ó yà sápá òsì. Mo fà á, ó ń tẹ̀ lé mi bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà. Nígbà tí a dé ibi gọ́tà, pákó tóóró kan ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló gbà. Bàbá Kékeré jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wò mí. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, àna wa. Ṣé kí n bá yín pe katakata kó wá fà á?”

“Ẹ má ṣèyọnu.”

“Kò sí ìyọnu ńbẹ̀. Mo kàn rí i pé ọkọ̀ yín ti rì ni.”

Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ti ọmọ ló dùn mí jù. Bàbá Kékeré dìde, ó pọn ọmọ, ó gba orí pákó kọjá bí ẹni ń rìn nínú yàrá rẹ̀. Èmi ká kẹ̀kẹ́, mo gbé e lérí, mo tẹ̀ lé wọn.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí gidi. Tí mo bá gbé ọmọ, epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń gbóòórùn rẹ̀ lára rẹ̀. Mo ro ó pé títí ọmọ yìí yóò fi dàgbà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kó júwe ẹbí rẹ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni yóò nawọ́ sí, ìran ẹ̀gbọ́n mi a sì parí síbẹ̀. Mo ra ọ̀já tèmi. Nínú yàrá mi ní Ẹgbẹ́dá, mo pọn ìrọ̀rí, mo ń rìn níwájú dígí. Ìrọ̀rí ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ìdí mi, ó já bọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó onílé ṣílẹ̀kùn láti wá yá ìgbálẹ̀. Ó wo ọ̀já nídìí mi, ó wo ìrọ̀rí nílẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan o?”

“Eré ìdárayá ni mo ń ṣe.”

“Ẹ so ó sókè sí i, lábẹ́ apá. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa nínú aṣọ.” Ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ. Ó dé kọ́rídọ̀ kó tó bú sẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìgbà tí ọmọ mi máa padà síṣẹ́, ó pe èmi àti Bàbá Kékeré kó lè mú ẹni tí yóò máa gbé ọmọ. Bàbá Kékeré ti pọn ọmọ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkòtún. Èmi àti ìyá ọmọ dúró lókè, à ń wo ojú títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan yọ. Iwájú ni Bàbá Kékeré jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á, ìdí rẹ̀ kan nínú, ìkan níta. Fóònù wà létí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń jù fìrìfìrì sí títì, bẹ́ẹ̀ ni tírélà tó kó yanrìn ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí mi nínú. Lẹ́yìn náà ni mo tó rí bí tírélà ṣe sún mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ náà ni ìyá ọmọ ń wò.

Bàbá Kékeré gòkè wá, ó tú ọ̀já, ó sọ ọmọ kalẹ̀. “Ó sùn jálẹ̀ ni o. Lọ́jọ́ Ajé, ìgbà wo ni kí n wá gbé e?”

Mo sáré dá sí i. “Màá pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn sí ńlá.”

“Ẹ fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Aṣọ tí a fọ̀ la ó máa kó sí i,” ni ọmọ mi wí.

“Tó bá jẹ́ ọ̀já ni, mo ti ń kọ́ ọ. Àmọ́ n ò ní purọ́ fún ẹ, ẹ̀rù ṣì ń bà mí.”

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. “Ẹni tẹ́rù ń bà ló tún fẹ́ pọnmọ? Èmi ò bẹ̀rù nǹkan kan jàre.”

Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó gba ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé ọmọ wá sẹ́yìn mi.

“Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi, sà. Pé ẹ ò bẹ̀rù nǹkan kan yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bọ̀ọ̀dá, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí n gbé e lé yín lẹ́yìn.”