Omi Tí Àníkẹ́ Lọ Pọn

Bọ́lánlé Ambrose, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán, gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan sórí fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Láti ìgbà náà kò tíì fìdí kan ilẹ̀ dáadáa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní kì í fìdí kan ilẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ náà. Ó máa ń rìn yí kíláàsì ká bó ṣe ń kọ́ni, orí ìdúró ló ti máa ń jẹun, àlùfáà ìjọ wọn sì ti sọ ọ́ lórí àga ìwàásù rí pé lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Ambrose bá jókòó títí ìwàásù fi parí, kí oníkálukú múra, Olúwa ti fẹ́ dé nìyẹn.

Kí ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà tó yéni, ó yẹ kí a padà sí ọdún 1986. Lọ́dún náà, àwọn òṣèré kan wá sí Èsìẹ́ láti ya eré orí tẹlifíṣàn kan tí wọ́n pè ní Àpáta Ń Rìn. Ìtàn akọni kan ni, Akínrógun, tí ara rẹ̀ máa ń di òkúta bí ọ̀tá bá ti kọlù ú, tí ọfà àti àdá kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ibi tí ẹni tó kọ eré náà ti mú ọgbọ́n rẹ̀ kò pamọ́ fún ará Èsìẹ́, nítorí níbẹ̀ ọmọdé ti ń gbọ́ ìtàn àwọn àlejò tó di ère òkúta kó tó mọ A, B, D. Ìṣòro Akínrógun ni pé bó bá ti di òkúta, kò lè dá jí. Àfi kí ẹbí rẹ̀ kan pọn omi odò wá, kó dà á lé e lórí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àníkẹ́, ló máa ń pọn ọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá ni Bọ́lánlé nígbà tí wọ́n mú un ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ṣe Àníkẹ́. Nínú gbogbo kíláàsì wọn, òun nìkan ló lè ru ìkòkò omi láìfọwọ́ dì í mú, kó sì tún máa sáré.

Ní ìparí apá kẹtàlá, Akínrógun di òkúta lójú ogun. Àníkẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ dúró dè mí. Mò ń lọ pọnmi." Ó sáré wọgbó. Ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn tó ń gbé eré náà jáde kógbá wọlé, apá kẹrìnlá kò sì jáde mọ́.

Bó ṣe di pé láti ọdún mọ́kàndínlógójì ni Bọ́lánlé ti ń lọ pọnmi nìyẹn. Wọ́n ń bi í lọ́jà, wọ́n ń bi í ní gáréèjì, wọ́n bi í níbi ìsìnkú: "Àníkẹ́, omi ọ̀hún dà?" Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bí àlùfáà ṣe bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹnì kan láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní kó kọ́kọ́ gbómi dé ná. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó máa ń sọ pé ó dà bí ẹni tó ti rìn jìnnà kó tó rántí pé òun kò tilẹ̀kùn ilé.

Nígbà tí ìròyìn jáde lọ́dún tó kọjá pé ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó fẹ́ jí Àpáta Ń Rìn dìde, kí wọ́n sì fi ṣe fíìmù ńlá, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ eré náà lórí Wáṣáàpù, tí Bọ́lánlé fúnra rẹ̀ ń darí, kò sinmi mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà pe Bọ́lánlé, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní kó máa retí àwọn. Ó retí wọn fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Miracle, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ igbákejì olùdarí fíìmù náà. Ọmọ Òkè-Onígbìn ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí òun sí. Bó ṣe kọ ọ́ rèé: "E ku ise ma. A ti pinnu. Ere ni e maa se fun wa ni Esie, Satide, aago meje aaro."

Bọ́lánlé fi í ṣọwọ́ sí ẹgbẹ́ kó tó mí èémí kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nítòsí pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù Abdulganiyu, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá gáréèjì Òmù-Àrán. Bàbá Ignatius, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bilqis, tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde wá. Bọ́lánlé ń rìn láti ìdí bẹ́ǹṣì dé etí gọ́tà, ó ń rìn padà.

"Àǹtí, ẹ ti bá àwọn akọni inú fíìmù òyìnbó dọ́gba," ni Abdulganiyu wí. "Tiwọn ni pé wọ́n á pa akọni wọn ní apá kejì. Ní apá kẹta, gbogbo èèyàn á sunkún. Tó bá fi máa di apá kẹrin, ó ti ń jẹ búrẹ́dì nílé ìyá ẹ̀."

"Ohun tí kì í jẹ́ kí n wò wọ́n nìyẹn," ni Bàbá Ignatius dáhùn. "Ikú tí kò lè pa èèyàn, irú ikú wo nìyẹn?"

"Bàbá, ẹ ń wò wọ́n. Èmi ni mò ń gbé e sórí fóònù yín."

"Mo ń wò ó kí n lè mọ ohun tí mò ń bú ni."

Ọ̀rọ̀ kan Akínrógun. Ọkùnrin tó ṣe é nígbà náà ti kú láti ọdún mẹ́jọ, ilé-iṣẹ́ náà sì ti kéde pé kọ̀ǹpútà làwọn máa fi ṣe ojú rẹ̀. Inú Abdulganiyu dùn sí i.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni Bàbá Ignatius wí. "Mo wà níbi ìsìnkú ẹ̀ ní Ìjàrà-Ìsin. Èèyàn la sin níbẹ̀, a ò sin ẹ̀rọ."

"Tí wọ́n bá mú ẹlòmíì, Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pariwo pé kì í ṣe òun."

"N ó pariwo. Ẹ̀tọ́ mi ni. Mo ti dàgbà."

Bilqis fi eyín gé òwú. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àníkẹ́ ńkọ́? Kí ló ti ń ṣe létí odò láti ọjọ́ yìí? Àbí ó ti lọ́kọ síbẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́lánlé dúró létí gọ́tà. Ó ní òun ti mọ ohun tí Àníkẹ́ máa sọ bó bá dé. Ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Bùrọ̀dá, omi rèé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Bilqis ní kó jẹ́ kí òun rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó kà á, ó sì gbójú sókè.

"Àǹtí, kò fi àmì sí i."

"Àmì kí ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní ìwé kejì. Ẹ kọ mẹ́ta sójú pátákó: èrè, eré, ère. Ẹ ní ẹni tí kò bá fàmì sí i kó má bínú sí ẹni tó bá ṣì í kà. Ẹ gba máàkì mẹ́ta lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà."

"Bilqis, ta ló ń pe èèyàn pé kó wá ṣe ère?"

Bàbá Ignatius wú ikọ́. "Ní Èsìẹ́?"

Bọ́lánlé gba fóònù rẹ̀. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó tún un kà, ó sì pe Miracle lójú gbogbo wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, ère," ni Miracle wí. "Ṣé kò yé yín ni? Ìtàn ẹ̀ dùn gan-an mà. Àníkẹ́ dé odò, ó pọnmi. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni ọ̀tá sọ òun náà di òkúta, tòun ti ìkòkò lórí. Ìdí tí kò fi dé nìyẹn. Ọmọ ọmọ Akínrógun ló máa wá rí ère ẹ̀ nínú igbó. A máa fi ẹfun àti eérú kùn yín, ẹ ó kàn dúró ni. Ìṣẹ́jú méje péré."

"Kí ni n ó sọ?"

"Ère kì í sọ̀rọ̀, mà."

Bọ́lánlé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Bilqis ju bí ì bá ti bà á ká ní Bọ́lánlé sunkún lọ.

Nílé, ìyá rẹ̀, Màmá Eunice, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń bó ẹ̀gúsí nígbà tó wọlé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

"Wọ́n dá ẹ láre nìyẹn," ni Màmá wí. "Gbogbo ayé rò pé o sá fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ ni. Wọ́n wá sọ pé o pọn ọ́n, ọ̀nà lo wà."

"Màámi, n kò ní sọ nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Mo gbọ́. Omi wà nínú ìkòkò náà?"

Bọ́lánlé kò tíì bèèrè ìyẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ó tún pe Miracle. Kò kọ̀wé sí i. Miracle ní ìkòkò òfìfo ni, kó má baà wúwo fún un. Kọ̀ǹpútà ló máa fi omi sí i tó bá yá.

"Miracle, ọmọ mi," ni Bọ́lánlé wí, "mo ti ń ru òfìfo láti 1986."

Ó wá sọ ohun tó fẹ́. Òun yóò ṣe ère, òun kò ní bèèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n omi gidi ni kó wà nínú ìkòkò, láti inú odò tí Àníkẹ́ ti ń pọn ọ́n nígbà náà, kó sì jẹ́ òun ni yóò pọn ọ́n. Orí òun ni kí ọmọ ọmọ Akínrógun yẹn ti sọ ìkòkò náà kalẹ̀, omi inú rẹ̀ gan-an ni kó sì dà lé Akínrógun lórí. Miracle ní kó dúró sórí fóònù. Nígbà tó padà dé, ó ní olùdarí gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àyè wà fún kí oòrùn tó ga. Bí ère bá mira lẹ́ẹ̀mejèèjì, òfìfo ni wọ́n máa lò.

Obìnrin tí kò lè jókòó gbọ́ ìwàásù tán wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìdúró láàárín àgbàlá, ìkòkò omi lórí, ìyá rẹ̀ ń wo aago. Nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú méjì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń yún un, lẹ́yìn náà imú. Ní Ọjọ́bọ̀ ó dé ìṣẹ́jú márùn-ún kí aládùúgbò kan tó kọjá lójú ọ̀nà tó sì kí i bó ṣe máa ń kí i: "Àníkẹ́, omi ọ̀hún dà?" Bọ́lánlé yíjú láti dá a lóhùn, omi náà sì dà lé e lára látòkèdélẹ̀. Màmá Eunice rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Lórí Wáṣáàpù, ẹgbẹ́ ti pín sí méjì. Abdulganiyu ní ìwọ̀sí ni láti mú Àníkẹ́ wá kí wọ́n sì dí i lẹ́nu. Bàbá Ignatius, tí kò tíì fẹ́ràn ohunkóhun tí wọ́n jí dìde rí, kọ ọ́ pé ó kéré tán, eléyìí dàgbà kó tó padà wá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bọ́lánlé kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sójú pátákó, ó sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí òun ṣe ṣì í kà. Nígbà tí aago ìsinmi lù, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣọwọ́ sí Bilqis, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: "Mo dá máàkì mẹ́ta rẹ padà." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ààbọ̀. Màmá ní kó tún un ṣe, ó ní rárá, ọrùn ń dun òun, ó sì rìn yí ilé ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó gbé oúnjẹ kaná.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà, Abdulganiyu yóò fi ọ̀kadà gbé e dé etí odò ní Èsìẹ́, kó lè pọnmi. Aago méje ni wọ́n ń retí rẹ̀ nídìí àpáta tí wọ́n ti máa ya fíìmù náà.