Yàrá Tí Kì Í Gba Àlejò

Ọlọ́run tó dá òjò ló mọ ohun tí Ó rí tí Ó fi sọ àbúrò mi ọkùnrin di ará inú yàrá òtútù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú kí hóró yìnyín hù lára okùn tín-ín-rín nínú àpótí gíláàsì, kí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkùukùu. Èmi tí mo tọ́ ọmọ títí wọ́n fi dẹni tó ń bímọ, n kò ṣìkẹ́ ọmọ tó bó ṣe ń ṣìkẹ́ yìnyín rẹ̀. Baba Òtútù là ń pè é nílé.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Bí òtútù bá fi ìwọ̀n márùn-ún lọ sísàlẹ̀ òdo, yìnyín á hù bí abẹ́rẹ́. Tó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á yọ apá mẹ́fà, apá á tún pẹ̀ka, bí ìràwọ̀.

Ìràwọ̀ yẹn ni àwọn ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ fojú rí. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á ti yàrá náà pa. Ó bẹ̀ mí kí n wá dúró ti òun. Mo dé, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń mú yàrá gbóná."

"Àdúrà mi ló gbóná ni, àbí ẹnu mi?"

"Méjèèjì ni."

Àwọn àlejò dé, wọ́n rọ́ wọlé bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun. Ara wọn gbóná, ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Òtútù ń fà sẹ́yìn, okùn ń hu abẹ́rẹ́.

Ọ̀gá àgbà ní, "Ìràwọ̀ dà?"

"Ẹ bá mi jáde díẹ̀, sà. Ooru ara yín ló ń bà á jẹ́."

"Èmi lò ń lé?"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, sà."

Wọ́n jáde tìbínú-tìbínú. Ó tilẹ̀kùn, ó so okùn tuntun. Mo ń bẹ̀ wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù.

"Màmá," ọ̀gá àgbà dáhùn, "ohun tí èèyàn ò lè dúró tì wò, kí la fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi yọrí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ pè wọ́n! Ó ti hù, apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà!"

Mo sáré dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ilẹ̀ lásán ni mo bá. Nígbà tí mo padà, ojú mi ló bá mi jíṣẹ́. Àbúrò mi wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn látinú.

Nígbà tó yá, ẹni tí àwọn ọ̀gá rán pé kó wá ti yàrá náà pa, kó sì gba kọ́kọ́rọ́, kànlẹ̀kùn títí. Mo figbe ta: "Jáde o! Ṣé o fẹ́ kú síbẹ̀ ni?"

Ohùn rẹ̀ jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ṣì ń dàgbà."