Rẹmọ́kì Tó Gan Sí Glass

Ní ọdún tí wọ́n gé owó sẹ́fà tí a ń ná ní Gabon sí méjì, kò sí olè tó wọ ilé wa, síbẹ̀ a fi owó sùn, ìdajì rẹ̀ la bá nílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Rédíò ló sọ fún wa. Èdè Faransé tó dùn létí ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni ń kí ènìyàn kú oríire. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí mo ń jẹ nínú rẹ̀ ní Libreville ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ owó yìí kàn wá bo òkú lójú ni.

Mo ní rẹmọ́kì kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é níbẹ̀, pẹpẹ irin gbọọrọ onítáyà mẹ́rin tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi gbé ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré tàbí èyí tó ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wà, kì í gbélé. Nígbà tí iṣẹ́ kò sí mọ́, mo gbé e sí àgbàlá kan ní àdúgbò Glass, létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń fẹ́ tọ̀sán tòru. Mo fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ sókè dáadáa kí olè má baà wọ́ ọ lọ. Ìṣọ́ra mi pọ̀ débi pé èmi tí mo ni ín gan-an kò lè wọ́ ọ mọ́ nígbà tí mo padà débẹ̀. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́, irin ti dípẹtà, gbogbo bíréèkì náà sì ti gan.

Ní tìyàwó mi, ilé ló fẹ́ lọ. Ó ti kó ìkòkò àti àwo sínú páálí, ó tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ní Sibang, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọlé. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé" ló fi ń kí mi láàárọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa, tí a bí síbẹ̀, bi í pé, "Maman, c'est où, ilé?", ìyẹn ni pé ibo ni ilé wà, ó bínú sí ìbéèrè náà ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ènìyàn àdúrà ni. Ó ní ìgò òróró ólífì kan tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tó wọ ilé wa tí kò fi kàn: orí àwọn ọmọ, àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, àní rédíò tó kéde ọ̀rọ̀ owó pàápàá. Rédíò náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Èmi kò fẹ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ń re ilé ni mo máa ń ránṣẹ́ sí àwọn ará wa pé mò ń ṣe dáadáa. Mo ti sọ ọ́ débi pé ó ti di òótọ́ lọ́hùn-ún, Libreville nìkan ló kù tí kò tíì gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ òfo wọ ìlú?

Ìgbà náà ni agbaṣẹ́ṣe kan, ọmọ Gabon, ránṣẹ́ sí mi láti àdúgbò PK8. Ó ti rí iṣẹ́ ọ̀nà gbà, ó sì ń wá rẹmọ́kì tí yóò máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kiri. Tuntun ti wọ́n kọjá àlà, nítorí náà tèmi tó ti gbó ti di ọmọge. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí i, a ó rí jẹ, a ó sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọkùnrin náà fẹ́ fojú rí rẹmọ́kì ní Mọ́ńdè.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó wò mí, ó wo páálí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn," ló wí. "Tí rẹmọ́kì yẹn bá yí kó tó di alẹ́ Mọ́ńdè, màá tú ẹrù mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé mọ́. Tí kò bá yí, ẹ̀yin ẹ ó gbé páálí yìí lápá kan, èmi náà á gbé e lápá kejì."

Mo ní mo gbà. Ẹnu mi máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ará ìlú wa tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù, bá mi lọ sí Glass ní Fúráídè. Ó so rẹmọ́kì mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹná. Píkọ́ọ̀pù ń ké, rẹmọ́kì ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò sí táyà kan tó yí. Gbogbo wọn ń wọ́ nílẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé.

"Àbúrò, ó kúkú ń lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Tó o bá lè fara mọ́ ọn báyìí, wàá dé PK8 lọ́dún tó ń bọ̀."

A fi jáàkì gbé e sókè, a fi pákó tì í, a tú táyà. Ó wá ku dúróòmù, agbada irin tó bo bíréèkì mọ́lẹ̀. A rọ kẹrosíìnì sí i létí, a fún un láyè kó mu ún. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fi òòlù lu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yíká, nítorí bí èèyàn bá fi ìbínú lù ú, ó lè là, a kò sì rówó òmíràn. Mo fi ìbínú lù ú. Ẹ̀gbọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán Sátidé ni èyí tó gbẹ̀yìn tó bọ́, tí eruku pupa sì tú dà sí wa lẹ́sẹ̀. A fi pẹtiróòlù fọ inú rẹ̀, a fi sáńdípépà ha láínì, ìyẹn ohun líle tó máa ń di dúróòmù mú tí ọkọ̀ fi ń dúró.

"Má jẹ́ kí gíríìsì kàn án o," ni ẹ̀gbọ́n kìlọ̀. "Láínì kì í fẹ́ òróró rárá."

Mo nu ọwọ́ mi títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá bá wa. Ó dúró wo rẹmọ́kì tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì wo ọwọ́ mi tó ti bó, tó sì ti wú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi tó wà níta, a sì pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí a dé, ó ti jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. A jẹun, a dá dúróòmù padà, a de táyà. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan. Ó yí. Ó yí láìké, láìdún, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ni ìyàwó mi wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, bí a ṣe ń lọ, ẹ̀gbọ́n ń wo dígí ṣáá. Ó ní nígbàkigbà tí òun bá fẹ́ dúró, rẹmọ́kì ń ti òun láti ẹ̀yìn. Mo ní ayọ̀ ló ń yọ̀, ó ti pẹ́ tó ti jáde kẹ́yìn.

Iwájú ilé agbaṣẹ́ṣe náà ní PK8 dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo tú rẹmọ́kì kúrò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè tìgboyà-tìgboyà, mo sì kọjú sí ọkùnrin náà. Mo ti kó Faransé mi jọ láti àná. Mo ń ṣàlàyé bí irin náà ṣe lágbára tó nígbà tí mo rí i pé èmi kọ́ ló ń wò mọ́. Rẹmọ́kì ti ń lọ. Ó rọra ń lọ, bí àgbàlagbà tó ti kí wa tán tó fẹ́ máa relé, títí tó fi ya wọ àárín búlọ́ọ̀kù tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tó sì wó wọn lulẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

"Au moins, ça roule," ni ọkùnrin náà wí. Kéré tán, ó ń yí.

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa, ó sì ní òun yóò ránṣẹ́ sí mi. Kò ránṣẹ́ sí mi títí di òní.

A tú dúróòmù níbẹ̀. Láínì ti mu òróró yó, ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé wa. Ẹ̀gbọ́n fi ìka kàn án, ó fi kan imú, ó sì yíjú sí ọ̀nà kí n má baà rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kò sẹ́. "Èmi ni," ló wí. "Ibi tó ń dun aláìsàn là ń fi òróró sí, a kì í fi sára aṣọ rẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run tú u sílẹ̀. Mi ò rántí sọ pé kó tún dì í mú."

"Ṣebí ìwọ lo fẹ́ lọ sílé?" Ohùn mi ti ga. "Kí ló wá dé tó o fi gbàdúrà kó yí?"

"Mo rí ọwọ́ yín," ló wí.

Mo jókòó. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún dé sí mi lọ́kàn, n kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe nínú wọn. Láínì tó bá ti mu òróró kò ṣeé fọ̀ mọ́, tuntun sì ti kọjá agbára wa. Mo ní ó tán. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé bó ṣe wí, ojú yòówù kó tì mí. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa páálí àkọ́kọ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò sílẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Kí la ṣàdéhùn? A ní tó bá yí, a ò lọ mọ́. Ṣé ó yí àbí kò yí?"

Mo ní ó yí.

"Ẹ wá bá mi gbé èyí tó wà nísàlẹ̀," ló wí. "Ó wúwo."