Ìpè Ìyá Àgbà Létí Òkun

Bí mo bá ṣí àpò iyọ̀ tó ti rin, Aného ni mo máa ń rántí. Bàbá mi yá mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, ó sì kó èmi àti ìyá àgbà, ìyá tó bí i, láti Atakpamé lọ wo ìlú èbúté àtijọ́ náà.

Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ wò ó, ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ nìyẹn."

"Ilé àtijọ́ wà ní Datcha, abúlé tiwa. Níbo ni òkun wà?"

Nígbà tí a débẹ̀, iyanrìn gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, omi sì ń bú. Ìyá àgbà bọ́ bàtà, ó wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ké pe àbúrò bàbá mi: "Kọ̀jó o! Wá ká lọ sílé!"

Mo rò pé Kọ̀jó ń pẹja nítòsí ni. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì dáhùn pé, "Òo! Mò ń bọ̀!"

Bàbá mi di ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Fi ọmọ sílẹ̀. Ṣebí ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá Kọ̀jó jẹ́ ìpè náà, ìwọ sì dákẹ́."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó gbé Kọ̀jó lọ sí Gabon kò gúnlẹ̀ síbì kankan.

Nínú mọ́tò, ìyá àgbà ní kí n sún mọ́ ilẹ̀kùn, kí àyè ẹnìkan lè wà láàárín wa. Bàbá mi wo àyè náà nínú dígí, ó sì rọra ń wakọ̀ lọ.